Ṣé Mo Wọlé?

[Fóònù ń dún.]

MISÍ: Hẹ́lò? Hẹ́lò! Bùọ̀dá Hezekiah? Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi Misí ni, láti Ìbàdàn.

HEZEKIAH: Misí, àbúrò mi! Káàárọ̀ o. Fóònù ta lo fi ń pè? Ilé ńkọ́? Màámi ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà ní ọsibítù?

MISÍ: Fóònù Alùfáà ni, ní Bẹẹrẹ. Ilé wà, sà. Bùọ̀dá, fọ́tò yẹn—

HEZEKIAH: Fọ́tò wo?

MISÍ: Èyí tí ẹ yà fún gbogbo wa ní Àjíǹde, lábẹ́ òkè Mápó. Nẹ́gétíìfù ẹ̀ ńkọ́?

HEZEKIAH: Ó wà lọ́wọ́ mi ní Kàdúná níbí. Ṣé tìtorí fọ́tò lo ṣe ń pè mí láàárọ̀ kùtù? Ìwọ náà lo fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú ọ̀run inú ẹ̀ dà bí àdìrẹ tí aró ò mú dọ́gba!

MISÍ: Bùọ̀dá—

HEZEKIAH: Fílítà polaráísà yẹn ni, gíláàsì tí mo dè mọ́ ẹnu kámẹ́rà. Tí èèyàn bá ń yí i lẹ́nu lẹ́ńsì, ojú ọ̀run á ṣú, á dára. But lẹ́ńsì mi yẹn ti wide jù, sánmà tó ń wò lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù. Ni àárín bá dúdú, ni ẹ̀gbẹ́ bá funfun. Ṣé o gbọ́ mi?

MISÍ: Mò ń gbọ́. Igun ọwọ́ òsì tó dúdú kirikiri yẹn ńkọ́? Níbi tí Màámi dúró sí. Please sà, ẹ bá mi tún un fọ̀ kó mọ́lẹ̀. Ẹ fún dẹ́rẹ́bà tó bá ń bọ̀ n'Ìbàdàn lónìí.

HEZEKIAH: Lónìí kẹ̀? Kí ló ń lé ẹ?

MISÍ: Torí pé lọ́la ni wọ́n á wọ— [Ariwo.]

HEZEKIAH: Ta ni? Line yìí ò dáa. Ṣé o gbọ́ mi?

MISÍ: Màámi! Lọ́la ni wọ́n á wọlẹ̀!

HEZEKIAH: Wọ́n á wọlé lọ́la? Ha, ọpẹ́ ni f'Ólúwa! Mo ṣáà ti ní wọn ò ní í pẹ́ ní ọsibítù. Ṣe ẹ̀fọ́ dè wọ́n o, má fata sí i jù—

MISÍ: Wọlẹ̀, Bùọ̀dá.

HEZEKIAH: Ẹ̀n-ẹ́n, wọlé. Mo gbọ́.

MISÍ: Ilẹ̀! Ilẹ̀ ni mo wí! Mo gbé ògì lọ fún wọn lánàá, mo pè wọ́n títí, wọn ò dáhùn. [Ẹkún.]

HEZEKIAH: Ilẹ̀ kẹ̀?

MISÍ: Bùọ̀dá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

HEZEKIAH: Yéè! Misí, mo gbé o! Yéè, ìyá mi!

MISÍ: Ìjọ fẹ́ gbé fọ́tò wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Gbogbo Pópó Yemọja ló mọ̀ pé Màámi kì í ya fọ́tò. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n gbà fún yín.

HEZEKIAH: Misí... kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

MISÍ: Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní nẹ́gétíìfù wà—

HEZEKIAH: Ó wà. Ojú wọn ni ò sí. Irin etí fílítà yẹn ti nípọn jù, òun ló dí igun náà. Ìmọ́lẹ̀ ò dé ibẹ̀. Kò sóhun tí mo lè fọ̀ jáde.

MISÍ: Ẹ̀yin lẹ ní lẹ́ńsì yẹn gba gbogbo ayé!

HEZEKIAH: Mo wí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n sún síta díẹ̀, káwọn ọmọ lè ráyè dúró. Wọ́n di gèlè wọn mú, wọ́n ní, "Hezekiah, ṣé mo wọlé?" Mo ní, "Ẹ wọlé dáadáa, Màámi." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Misí, èmi nìkan ni mo rí ẹ̀rín yẹn.

MISÍ: Ó tó, Bùọ̀dá mi. Ẹ wọ mọ́tò báyìí. Ẹ gbé kámẹ́rà bọ̀, kí ẹ sì yọ gíláàsì burúkú yẹn lójú ẹ̀.

HEZEKIAH: Mò ń bọ̀. Pósí ńkọ́? Ṣé wọ́n ti kan ìdérí ẹ̀ pa?

MISÍ: Hẹ́lò? Mi ò gbọ́ yín mọ́ o. Ẹ̀yin ni dáwódù, Alùfáà ní kí n bi yín: ṣé kí wọ́n kan pósí pa lálẹ́ òní?

HEZEKIAH: Rárá! Kí wọ́n fi ojú Màámi sílẹ̀ dè mí! Ṣé o gbọ́ mi?

MISÍ: Kí wọ́n kí ni? Bùọ̀dá, ṣé kí wọ́n kàn án?

HEZEKIAH: Kí wọ́n má—

[Fóònù gé.]