Fàdákà Tó Ń Mì Nínú Ilé Awọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi ní Jídà, nílẹ̀ Sáúdí. Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo jáde ní yunifásítì nígbà tí àwọn tó ń lọ kò tíì pọ̀ nílé wa. Ẹnjinía ni mí, n kò na ẹnikẹ́ni rí. Síbẹ̀ mo pa ọ̀rẹ́ mi ní ojú ọ̀sán, lórí ohun tí kò kún àtẹ́lẹwọ́. Bí mo bá wo ọwọ́ mi báyìí, ẹ̀rù a bà mí, bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n so mọ́ mi lára.

Ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì ló ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wa kan, ará Swítsàlandì, máa ń gbé mẹ́dáàlì fàdákà kan sórí tábìlì nígbà tó bá ń kọ́ wa nípa irin. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn ìlú wọn a máa ṣe ìdíje ìbọn yíyìn, wọn a sì ṣe mẹ́dáàlì fún ẹni tó bá yìnbọn ba ojú àmì. Ó jẹ́ kí n gbé e dání lẹ́ẹ̀kan. Áà, ìgbà yẹn dùn! Fèrèsé kíláàsì wà ní ṣíṣí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ayé ṣì wà níwájú mi. Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí Jídà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú mẹ́dáàlì bẹ́ẹ̀ rà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, àwọn nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nílé.

Àlàájì Ìdírísù ni ọ̀rẹ́ mi, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Az-Zahir. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá ṣe hájì láti Ìlọrin tí kò padà mọ́. Èbúté Jídà ló ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí mẹ́dáàlì mi, ẹ̀rín pa á.

"Ẹnjinía, àgbà bíi yín ló ń kó ohun ìṣeré jọ báyìí? Ọ̀kan wà nílé wa o. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan ló fún bàbá mi."

Ó gbé e wá nínú ilé awọ pupa kékeré tí wọ́n ṣe fún un. Àwòrán obìnrin tó di òdòdó mú wà níwájú mẹ́dáàlì náà, ìbọn méjì gbábùú ara wọn lẹ́yìn. Irú ti olùkọ́ mi gan-an!

"Àlàájì, tà á fún mi."

"Ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀? Láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ mú un lọ wò fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yin kọ́ ni màá fura sí."

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń yọ́ irin ní àdúgbò Al-Mahjar, pé kó fi yanrìn tẹ àwòrán rẹ̀, kó sì da fàdákà sí i. Ẹ̀dà náà ni mo fẹ́ mú, kí n dá ojúlówó padà. Mo fi Ọlọ́run búra pé bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́ méjèèjì kalẹ̀, ẹ̀dà ni ọwọ́ mi tì sínú ilé awọ. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo dá a padà, Àlàájì dé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Kò jókòó. Ó gbé ilé awọ náà sí etí mi, ó mì ín. Ó dún kókókó.

"Láti kékeré ni mo ti ń mì í, Ẹnjinía. Kì í dún."

Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó fà á. Irin tó bá yọ́, tó sì tutù, a máa súnkì! Ohun tí olùkọ́ mi kọ́ mi nìyẹn, pẹ̀lú mẹ́dáàlì níwájú wa. Ẹ̀dà mi fi ìwọ̀n fọ́nrán irun kéré sí ojúlówó.

"Bóyá awọ ló fẹ̀," ni mo wí.

"Wallahi, ẹ má fi mí ṣeré. Ẹ dá a padà, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́."

"Kò sí lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa. Ọkọ̀ mi wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mẹ́kà báyìí, kí ẹ dúró níwájú Káábà, kí ẹ tún un wí. Tí ẹ bá lè wí i, màá dọ̀bálẹ̀ fún yín."

Ó di apá mi mú, a dé orí àtẹ̀gùn. Mo lè pa irọ́ yẹn ní Jídà, ṣùgbọ́n n kò lè gbé e dé Mẹ́kà. Mo tì í. Ó yí dé ìsàlẹ̀, kò kú. Ó wò mí.

"Ẹnjinía, ẹ pe ọmọ mi."

Fóònù wà lápò mi. Mo sọ̀kalẹ̀, mo gba ilé awọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ìborùn mi dí i ní imú àti ẹnu títí ó fi dákẹ́. Èmi ni mo ṣe é. Èmi!

Níhìn-ín, ẹbí òkú lè dárí ji apànìyàn kí idà tó kàn án. Ẹnu Àfúsá, ọmọ kan ṣoṣo tí Àlàájì bí, ni gbogbo ẹbí ń wò. Ó wá bá mi lẹ́wọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti kékeré, bí mo bá sọ Yorùbá sí i, Lárúbáwá ló máa ń fi dáhùn. Ó mú ilé awọ náà lọ́wọ́, ó mì ín. Kò dún. Àwọn ọlọ́pàá ti rí ojúlówó nílé mi, wọ́n sì ti dá a padà sínú rẹ̀.

Ó fi Lárúbáwá bi mí pé kí ni bàbá òun sọ kẹ́yìn.

"Ó ní kí n pè ọ́."

Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ló fi dáhùn.

"Ẹ ò sì pè mí. Mi ò lè dárí jì yín."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ohun tí mo jí fi wà lórí tábìlì mi, ilé olóhun kò sì ju ìrìn wákàtí kan lọ. Ẹ dá ohun olóhun padà nígbà tó ṣì jẹ́ ìtìjú lásán. Bó bá sì ti kọjá ìyẹn, tí ẹni tí ẹ ṣe níbi ṣì ń mí, ẹ má fi ibi mìíràn bò ó. Ẹ pe ọmọ rẹ̀. Ẹ pè é kí ó tó dákẹ́.