Mo Lọ Dúpẹ́ Oore Àná

Ẹ bá mi yin Ọba tó dá ẹ̀mí mi sí! Ẹ tún un yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn yín ò tíì tó ohun tó ṣe fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí. Pásítọ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo ti rí i pé ẹ ń wo aago, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní pẹ́, àmọ́ mi ò ní yá jù náà.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí ti gbó. Irun orí mi ṣì dúdú kirikiri nígbà tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó kù níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n Sátidé tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi gbé Tìmílẹ́yìn, àkọ́bí wa ọkùnrin, lọ sí college, college kan náà tí èmi lọ. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí mọ́. Mo wá dúpẹ́ pé mi ò kú síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí ọmọ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà, ẹ gba freeway láti Houston níbí, ẹ kọjá The Woodlands, kí ẹ má yà síbì kankan. Ẹ máa lọ títí igi pine á fi bo ọ̀tún bo òsì, tí rédíò mọ́tò yín á máa ha. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀, òyìnbó ló kún un. Tí mo bá wọ kíláàsì chemistry, èmi nìkan ni dúdú ibẹ̀. Ẹlòmíì lè sá kíláàsì. Èmi kẹ̀? Ta ni ò ní mọ̀? Tí tíṣà bá ní kí oníkálukú yan ẹnìkejì tí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́, wọ́n á yan ara wọn tán, á wá ku èmi àti ìgò ásíìdì. Wọn ò bú mi o, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n kàn máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì kọjá. Ọ̀kan bi mí bóyá kìnnìún wà ní àdúgbò wa. Èmi ọmọ Iléṣà! Mo ní kìnnìún ni lánlọ́ọ̀dù wa.

Síbẹ̀, ẹ̀yin ará, àárò ibẹ̀ ń sọ mí. Àárò òórùn igi pine yẹn lẹ́yìn òjò ń sọ mí gan-an. Ìyá kan wà tó máa ń bu oúnjẹ fún wa níléèwé, ó máa ń fi ẹran kún tèmi, ó ní mo tín-ín-rín jù. Oúnjẹ náà ò ní ata, iyọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, itọ́ á máa yọ lẹ́nu mi. Ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sá fún èèyàn. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn nìkan ni mo bá sọ Yorùbá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òjò ká mi mọ́ ọ̀nà. Mo lọ ra ìrẹsì, mo ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, kò sì sí bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ará Houston, ẹ mọ òjò, mi ò ní ṣàlàyé fún yín. Àwọn mọ́tò ń kọjá, wọ́n ń ta omi sí mi lára. Bàbá òyìnbó kan ló dúró, ó ṣílẹ̀kùn pick-up rẹ̀, ó ní kí n wọlé. Ó ní Earl lorúkọ òun. Èmi ò lè pe àgbà lórúkọ, nítorí náà Bàbá Earl ni mò ń pè é títí dòní. Bí a ṣe ń lọ, ó nawọ́ sí ilé rẹ̀ fún mi, ilé kan tó ní ilẹ̀kùn pupa. Ó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé tí a ń gbé nínú ọgbà iléèwé. Mo dúpẹ́ dúpẹ́, ó ní kò tọ́pẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó dáa. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé, mo bi yín: tí wọ́n bá ṣe yín lóore lánàá, kí lẹ máa ń ṣe tílẹ̀ bá mọ́? Ẹ ṣeun, mo gbọ́ yín! Bàámi, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń fà wá lọ́wọ́ lọ sílé olóore kí ìrì tó gbẹ, kí ẹni náà má bàa ti jáde. Wọ́n á ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ tó o dá lójú ẹsẹ̀ kò tíì pé. Àfi tó o bá padà lọ ní ọjọ́ kejì, tó o ní "ẹ ṣeun àná o."

Lèmi náà bá jí láàárọ̀ Sọ́ńdè. Òtútù ń mú, mo wọ hoodie dúdú, mo fà á borí. Chin-chin tí Màámi fi rán ẹnì kan sí mi ṣì kù, mo kó o sínú nylon dúdú, mo sì gba àdúgbò àwọn òyìnbó lọ. Mo tẹ bell, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣé kí n wá padà ni? Ẹni tó wá dúpẹ́ kì í padà! Mo yọjú lójú fèrèsé. Mo kan gíláàsì kó-kó-kó. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń pariwo, "Ẹ kú ilé o! Onílé ńkọ́ o?" Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Ọmọkùnrin dúdú, hoodie dúdú, nylon dúdú, lẹ́yìn ilé òyìnbó, ní Texas, ní kùtùkùtù òwúrọ̀! Ta ló ní kí aládùúgbò má pe ọlọ́pàá?

Èmi ò mọ nǹkan kan. Mo padà síwájú, mo dúró lórí pèpéle, mo wá gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún nínú ilẹ̀kùn. Mo ti ọwọ́ bọ inú nylon pé kí n yọ chin-chin. Mi ò mọ̀ pé mọ́tò ọlọ́pàá ti rọra dúró lẹ́yìn mi, kò fọn fèrè. Mi ò mọ̀ pé àwọn méjì ti sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ti na ìbọn sí mi lẹ́yìn. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú nylon, ẹ̀yin ará. Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Earl yọ jáde nínú aṣọ ìsùn, pẹ̀lú irun funfun.

Ta ló máa rí àgbà táá wà lóòró? Mi ò rò ó rárá. Ọwọ́ mi jáde lófìfo, nylon bọ́ sílẹ̀, mo nà gbalaja! Àyà mi lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ọwọ́ mi méjèèjì tẹ́ sílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ ṣeun àná, sà!" Àfi gbàmù, ohùn kan sán lẹ́yìn mi: "Get on the ground!" Mo ti wà nílẹ̀ ná! Halelúyà! Kí wọ́n tó pàṣẹ, Ọlọ́run ti tẹ́ mi sílẹ̀!

Bàbá Earl fi ẹsẹ̀ lásán jáde, ó dúró sáàárín èmi àti ìbọn. Ó ní, "I know this boy! Put those things away!" Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọdé ni ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé nylon yẹn ni òun ń wò. Ó ní tí ọwọ́ mi bá fi lè mú ohunkóhun jáde níbẹ̀, òun ò mọ ohun tí òun ì bá ṣe. Chin-chin, ẹ̀yin ará! Chin-chin Màámi ni wọn ì bá torí rẹ̀ pa mí!

Bàbá Earl mú mi wọlé, ó po kọfí fún mi. Ó bi mí pé kí ni mo wá ṣe gan-an. Mo ní mo wá dúpẹ́ ni, sà. Ó ní, "Son, you thanked me yesterday." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ti àná nìyẹn. Ìyàwó bàbá náà ti kú, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun ní gbogbo Sọ́ńdè. Pick-up yẹn ni mo fi kọ́ mọ́tò wíwà. Lọ́jọ́ tí mo gboyè, tí wọn ò fún Bàámi ní visa, òun ló jókòó síbi tí Bàámi ì bá jókòó sí. Ó ní kí n kọ́ òun ní ohun tí àgbà máa ń sọ fún ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, mo sì kọ́ ọ. Màámi ò gbọ́ ìtàn yìí títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa, torí wọn ì bá ní kí n máa bọ̀ nílé lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Sátidé. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ wa tí a bí síbí ṣe ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fi ìka kan kan ilẹ̀ bíi pé ilẹ̀ gbóná. Láti kékeré ni mo ti ń bá Tìmílẹ́yìn jà lórí ẹ̀. Nínú mọ́tò, mo sọ ìtàn yìí fún un fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé iwájú ilé onílẹ̀kùn pupa, èmi yìí kan náà ni mo ní kó má sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó ṣí hood lórí, kó gbé ọwọ́ síbi tí wọ́n á ti rí i, títí màá fi pe bàbá lórí fóònù. Ó dùn mí dé egungun pé irú ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fi ń sin ọmọ mi lọ síléèwé.

Bàbá Earl jáde, ó di irin tó fi ń rìn mú, ó ti gbó gidi. Tìmílẹ́yìn ní, "Daddy, is that the porch?" Mo ní òun ni. Ó ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó gun pèpéle, ó nà gbalaja, àyà lórí sìmẹ́ńtì, ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀, níbi kan náà. Ó ní, "Ẹ ṣeun àná, sà. For my dad." Mi ò ní purọ́, mo wẹ̀yìn. Kò sí mọ́tò kankan ní títì. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ kan ọmọ mi lẹ́yìn, ó ní, "Dìde, ọmọ mi." Ahọ́n rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n pè rárá, mo sì bú sẹ́kún.

Ọmọ mi dìde. Èmi náà dìde níjọ́ tèmi. Ẹ mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíì wà tí kò dìde ní ilẹ̀ yìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ níléèwé, ẹ dúró, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó: ibi tí àwọn ọmọ wa bá dọ̀bálẹ̀ sí, wọ́n á dìde níbẹ̀! Tiwa náà á dìde! Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ dùùrù, ẹ dúró ná. Pásítọ̀, ẹ bá mi gba mic yìí, sà, ọwọ́ méjèèjì ni mo fẹ́ tẹ́ sílẹ̀.

Olúwa, ẹ ṣeun àná o!