"Ó Dáa" Péré Ni Mo Kọ

Ẹ má jókòó sórí àga yẹn, arábìnrin, ìyàwó mi ló ni ín. Ẹ lọ sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣínì ìránṣọ yẹn, ẹ rọra o, òróró wà lára ẹ̀. Ẹ̀yin igbákejì ọ̀gá àwọn tó ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n lẹ wá sílé mi lónìí. Oṣù méjì sẹ́yìn tí mo dúró níwájú tábìlì gígùn yín lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò fi omi lọ̀ mí, ṣùgbọ́n èmi á fún yín lómi, torí wọ́n kọ́ mi nílé kí wọ́n tó kọ́ mi níléèwé.

Ìwé ìyàwó mi tí mo dárúkọ fún yín lọ́jọ́ náà lẹ bá wá. Mo mọ̀. Mo wo eré yín lọ́jọ́ Ẹtì. Wẹ́dà tí odò gbé lọ lọ́dún keje, tí gbogbo ayálégbé inú eré yín pé jọ sin, òun lẹ wọ aṣọ funfun fún, tó ń ṣègbéyàwó, tó ń jó. Àwọn oníbàárà mi ò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan ní ọmọ tí wọ́n bá bí ńkọ́, ṣé ọmọ àkúdàáyà ni wọn yóò máa pè é àbí ọmọ èèyàn.

Èèyàn mẹ́jọ ló jókòó yí tábìlì ká, ẹ lẹ bébà aláwọ̀ mèremère mọ́ gbogbo ògiri, ẹ ò rántí ẹni tó kú. Ìyàwó mi tí kò mọ ọ̀nà ilé iṣẹ́ yín rántí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi kọ ọ́ sínú ìwé yìí, ẹni tó fẹ́ ẹni, ẹni tó bú ẹni, ẹni tó ní òun ò ní bàbá lọ́dún kìn-ín-ní tí bàbá ẹ̀ wá kí i lọ́dún kẹta. Ẹ wo ibi tó kọ ti wẹ́dà sí: "Wẹ́dà bómi lọ lónìí. Ọkọ mi ń sunkún, ó ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà nílé." Bó ṣe máa ń fi mí ṣẹ̀sín nìyẹn.

Rárá, ẹ má nawọ́ sí i. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ṣebí ẹ̀yin lẹ kéde pé ẹ ń wá òǹkọ̀wé tuntun? Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé kó má kọ ìtàn tara ẹ̀ wá, kó kọ apá kan nínú eré tó ti wà nílẹ̀, kó fi ohùn àwọn tó ti ń gbé inú ẹ̀ kọ ọ́. Mo ní iṣẹ́ mi nìyẹn. N kì í ṣe maṣínì tuntun, ti ẹlòmíì ni mo ń tún ṣe kó lè máa rán bó ṣe ń rán tẹ́lẹ̀. Ẹ ní òṣèré tó ń ṣe ìyàwó bàbá onílé fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí kálukú kọ bí obìnrin náà ṣe kú. Ẹ ò mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó tèmi ni. N ò sọ. Kí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ. Dókítà bá bàbá onílé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó ní ìyá ti lọ. Bàbá onílé ní, "Ó dáa." Ó bi nọ́ọ̀sì pé bàtà ìyàwó òun ńkọ́. Nọ́ọ̀sì gbé e fún un nínú ọ̀rá. Ó gbé e délé, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ojú ẹ̀ síta bí obìnrin yẹn ṣe máa ń tò ó. Ó tán.

Kí ni ọ̀gá yín ṣe? Ọ̀gá yín tó gbé awò ojú ka àárín orí bí ẹni pé àtàrí ló fi ń kàwé. Ó kà á sókè, ó dé ibi "Ó dáa", ó dúró, ó wò yín kárí, ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, arábìnrin, ẹ má wolẹ̀, mo rí eyín yín. Ó ní, "Bàbá, ìyàwó kú, ọkọ ní ó dáa? Ṣé ewúrẹ́ ló kú ni?" Ó ní èèyàn kì í dá ọ̀rọ̀ ńlá lóhùn báyẹn. Ó ní kó ṣubú lulẹ̀, kó yí gbiri, kó máa bi Ọlọ́run léèrè fún odindi ojú ìwé mẹ́ta, kí wọ́n lè rí àyè polówó ọṣẹ láàárín ẹ̀. Ó ní kí n padà sídìí maṣínì mi.

Ta ni ọ̀gá yín sin rí? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹni tí ò sin adìẹ rí ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀. Ará orí òkè ń kọ́ ẹja ní lílúwẹ̀ẹ́.

Èmi ni mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Dókítà ń yí bírò po láàárín ìka. Ó sọ ọ́. Mo ní ó dáa. Kò sí nǹkan kan tó dáa níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu mi nìyẹn, òun ni mo ti fi ń dá oníbàárà lóhùn láti ọgbọ̀n ọdún, òun ló jáde. Ẹ ó rí bàtà náà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ bá ń lọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ẹ fi ikú ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ẹ tún wá ń tọrọ ìwé ẹ̀.

Kí lẹ wí? Àyè ti wà fún mi? Kí n wá jókòó sí ìkángun tábìlì, kí n máa sọ ẹni tó kú àti ẹni tó wà láyé fún yín? Ẹ ṣeun o. Mo ní mo fẹ́ kọ̀wé, ẹ ní kí n wá ṣọ́ ibojì.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ máa ya ikú ìyàwó bàbá onílé? Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́? Pẹ̀lú yíyí gbiri náà? Kò burú. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Ojú ìwé mẹ́ta tèmi ni kẹ́ ẹ yà. Kí bàbá onílé ní "Ó dáa", kó má fi ọ̀rọ̀ kan lé e, kí ẹnikẹ́ni má sì fi orin ẹkún sí i lábẹ́. Kẹ́ ẹ fún mi ní àga òǹkọ̀wé, kì í ṣe ti aṣọ́bojì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé yìí ò kúrò nínú yàrá yìí, ẹ máa ṣègbéyàwó fún òkú lọ.

Ọ̀gá ò ní gbà? Fóònù kọ́ nìyẹn lọ́wọ́ yín? Ẹ pè é. Níbí, níwájú àga ìyàwó mi. Èmi ń fi òróró sí maṣínì, n ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ fún un? Ti bàtà náà? Ti àga? Kí ló wá sọ?

Ó ní kí ni?

Péré? Kò fi nǹkan kan lé e? Kò ṣubú lulẹ̀, kò yí gbiri, kò bi Ọlọ́run léèrè kankan? Háà, ẹ jọ̀ọ́ arábìnrin, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn nínú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ ńlá dé bá ọ̀gá, ọ̀gá ní "Ó dáa". Ẹ mú bírò yẹn wá, kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìyàwó mi.