Ẹsẹ̀ Dúdú Ni Adìyẹ Bàbá Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi kí ẹ tó bú mi. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń gbé e kiri nínú ikùn. Ọkọ mi ò mọ̀, àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n gbé irọ́ náà lọ sí Ṣakí, kí n fi lé ọwọ́ ẹni tí irọ́ yìí kan náà ti ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Orúkọ tí mo pe àwọn èèyàn mi níbí kì í sì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Ekete, lẹ́bàá Warri níbí, ni à ń gbé. Mo ń ta ike àti bàsíà ní Jakpa Road. Ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ń gbé ní ilé kejì sí tèmi. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ni ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti gbìyànjú láti fi ṣe ẹ̀rín, kò ṣeé ṣe.

Bàbá wa gbé ní Kùmásí kí wọ́n tó lé àwọn ará wa kúrò ní Gánà. Ibẹ̀ ni ọkùnrin ẹ̀yà Mòsí kan ti fún wọn ní àkùkọ kan àti abo méjì, adìyẹ oníjà, irú èyí tí kì í sá fún àṣá. Nígbà tí wọ́n lé wọn, bàbá wa fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa sílẹ̀, wọ́n gbé agbọ̀n adìyẹ lé itan nínú lọ́rì títí wọ́n fi dé Ṣakí. Ìyá wa sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn títí wọ́n fi kú. Bàbá wa kì í kó àwọn adìyẹ náà jà fún tẹ́tẹ́, wọ́n ní harámù ni. Wọ́n kàn fẹ́ràn ohun tí kì í sá ni. Ẹsẹ̀ wọn dúdú bí èédú, ogbe orí wọn kéré, ó lẹ̀ mọ́ orí. Bó ṣe rí nìyẹn, mo fi ojú mi rí i láti kékeré.

Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi kó díẹ̀ wá sí Warri. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ Gàníyù, àbúrò wa, ọmọ ìyàwó kejì, ní Ṣakí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fi àwọn adìyẹ yẹn ṣeré. Wọ́n ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, èyí tó gun èyí, èyí tó bí èyí. Ọjọ́ tí òròmọdìyẹ bá jáde nínú ẹyin gan-an ni wọ́n máa ń fi àlùmọ́gàjí kékeré gé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, kí ó tó dàpọ̀ mọ́ tàwọn ará ilé mìíràn. Àpá yẹn kì í parẹ́. Adìyẹ tí kò bá ní in, kì í ṣe ti bàbá wa.

Ní ọdún kan, àrùn lúkúlúkú wọ ọgbà náà nígbà ọyẹ́. Àkùkọ arúgbó kan àti abo kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, abo náà yé ẹyin mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé kò lágbára láti sàba, wọ́n bá kó ẹyin náà sábẹ́ adìyẹ ìbílẹ̀ kan nínú àpótí. Wọ́n gbé àpótí náà wá sí ilé ìdáná mi, nítorí wọ́n fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá ní Ìbàdàn. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa gé awọ ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ní èmi nìkan ni àwọn lè fi í lé lọ́wọ́.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n lọ tí abo náà kú. Nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ. Wọ́n ní ó ku ẹyin mẹ́sàn-án.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹyin náà pa nígbà tí àwọn tó fẹ́ wá tọrọ ọmọbìnrin mi dé láti Èkó. Èèyàn ńlá ni wọ́n, bàbá ọkọ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ epo. Òórùn adìyẹ gba gbogbo ilé ìdáná mi. Ojú tì mí. Mo gbé àpótí náà síta, mo gbé e sẹ́yìn ilé lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, mo ní tí àwọn àlejò bá jẹun tán mo máa gbé e wọlé.

Mo ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òjò dé. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí: mo gbọ́ ọ lórí páànù. Mi ò gbàgbé. Mo rántí àpótí náà dáadáa. Àmọ́ ìyá ọkọ ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀, mo wá ń rò ó pé báwo ni màá ṣe dìde níwájú wọn pé mo fẹ́ lọ gbé adìyẹ. Mo jókòó. Mo ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Nígbà tí mo débẹ̀, adìyẹ ti fò sá lọ, omi ti kún inú àpótí, ẹyin ń léfòó. Mo nù wọ́n, mo dá wọn padà, mo wá adìyẹ náà rí, mo fi agbára gbé e jókòó lé wọn lórí. Ọjọ́ pé, ìkankan ò pa. Mo fọ́ ọ̀kan wò. Ọmọ ti pé sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú. Ó ti kú.

Ibi tí mo dúró sí yẹn náà ni fóònù ti dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ti ń ka ọjọ́ lórí ibùsùn ọsibítù.

"Ṣé wọ́n ti pa?"

"Wọ́n ti pa," ni mo wí. "Méje ló yè."

Mi ò mọ ibi tí méje ti wá sí mi lẹ́nu. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí ìyá wa kú. Ta ló máa wá sọ pé irọ́ ni òun pa?

Mo lọ bá Mama Ejiro, ọmọ Urhobo, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa. Adìyẹ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ ni, adìyẹ lásán tó ń rìn kiri àdúgbò. Mo ní kó fún mi ní méje. Kò tilẹ̀ bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

"Na only seven?" ló wí. "Carry dem go. Fowl na fowl."

Mo jókòó sórí àpótí, mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gé awọ ẹsẹ̀ òsì wọn. Nígbà tí mo ṣe tán, ọmọ àlejò méje ti di ọmọ bàbá wa.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé. Àkùkọ arúgbó náà kú kí ọdún tó parí, kò sì gun ìkankan nínú wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà, ẹsẹ̀ wọn pupa rúsúrúsú, ogbe wọn tóbi. Mo ní àṣírí tú lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n títí, wọ́n wá ní ẹ̀jẹ̀ àwọn Mòsí ló ń padà wá, pé bó ṣe rí ní Kùmásí kí wọ́n tó dé Ṣakí nìyẹn. Wọ́n kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, wọ́n ti ń sọ fún àwọn tó ń ti Sapele àti Benin wá gba ọmọ adìyẹ pé ẹlẹ́sẹ̀ pupa ni ojúlówó. Ẹni tó bá ti fẹ́ gba nǹkan gbọ́, kì í wá àlàyé tì.

Mo gbé e mì. Mo ní, àbí ta ló kú?

Lọ́dún karùn-ún, Gàníyù wá láti Ṣakí. Ó gbé àkùkọ kan àti abo méjì dání, ó fẹ́ kí òun àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe pàṣípààrọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà sú, kí ọmọ ìyá má máa gun ara wọn. Nígbà tó ṣí agbọ̀n, mo rí ẹsẹ̀ dúdú bí èédú, mo rí ogbe kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ohun tí mo pa, ó ṣì wà láàyè. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti sọ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ ì bá ti ní àtúnṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ òsì àkùkọ náà wò, kò sí àpá níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Níwájú àwọn àlejò méjì tó wá láti Sapele, wọ́n ní ìyá Gàníyù ò tọ́jú nǹkan bàbá wa rí, pé ta ló mọ ẹni tó ń wọlé tọ adìyẹ náà nígbà tí bàbá wa ò sí nílé. Gàníyù mọ̀ pé kì í ṣe adìyẹ nìkan ni wọ́n ń bá wí. Ó yíjú sí mi.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà dàgbà lọ́wọ́ bàbá wa. Ẹ wo ẹsẹ̀ yìí. Ṣé kì í ṣe bó ṣe rí nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n wa ló mọ̀ ọ́n jù," ni mo wí.

Ó dé agbọ̀n rẹ̀. Kò mu omi wa. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi pè wá láti Ṣakí pé Gàníyù ti dúńbú gbogbo adìyẹ náà tán, àtàgbà àtọmọ, ó sì pín ẹran fún àdúgbò. Ó ní òun ò ní máa bọ́ àwọn ọmọ àlè. Ìyá rẹ̀, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ń bi àwọn èèyàn pé ọdún wo là ń ṣe. Ìyá náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn ò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ nípa wọn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní tèmi, òtítọ́ ò lè bá a mọ́, nítorí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Mo ti bẹ ẹnì kan ní Ṣakí kó bá mi wádìí bóyá ẹnikẹ́ni gba ọmọ adìyẹ lọ́wọ́ Gàníyù rí. Àwọn tó gbà á ti jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́.

Oṣù tó kọjá ni Gàníyù ránṣẹ́. Ó ní ìmáàmù òun ti bá òun sọ̀rọ̀, òun ò fẹ́ kú sínú ìjà. Ó ní òun ti rò ó fún ọdún mẹ́jọ, ó ní ó ní láti jẹ́ pé ojú òun ló tàn òun, pé ẹ̀gbọ́n kò lè ṣi adìyẹ bàbá wọn mọ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àkùkọ kan àti abo méjì, kí ìran náà tún lè wà ní Ṣakí kí òun tó kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè rìn jìnnà mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú wọn mọ́ àga, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ká má ṣe bà wọ́n nínú jẹ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà dé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Wọ́n ní èmi ni kí n gbé adìyẹ lọ. Wọ́n ti yan mẹ́ta tó lẹ́wà jù, ẹlẹ́sẹ̀ pupa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí mo bá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo lè pa wọ́n. Bí mo bá sọ fún Gàníyù, kí ni màá fi dípò ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa? Bí mo bá dákẹ́, á máa fi oúnjẹ bọ́ irọ́ mi títí yóò fi kú, á sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ló jẹ̀bi.

Lánàá ó pè mí. Ó ní òun ti kan ilé adìyẹ tuntun, pé òun ti gbà mí lálejò lọ́kàn òun. Ó ní òun mọ̀ pé òun dójú tì mí níwájú àlejò lọ́jọ́ tí òun fi ìbínú gbé agbọ̀n kúrò nílé wa. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Ó tún bẹ̀ mí. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo wá sọ fún un pé mo ti forí jì í. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí káàdì rẹ̀ fi tán.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ohun kan bá ṣì kù tí mo lè ṣe, ẹ sọ ọ́ fún mi kí Sátidé tó dé.