Àgbébọ̀ Tí Kò Jẹ Oúnjẹ Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ti jókòó sí mi láyà láti ìgbà tí òyìnbó ń la ọ̀nà gba ìlú wa. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi kó tó kú. N kò sọ ọ́ fún ọmọ mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ báyìí. Àgbébọ̀ adìẹ kan tó wà lágbàlá wa ló fipá mú mi sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Ọ̀kà ni ilé ọkọ mi. Èmi ni ìyáálé. Nígbà tí wọ́n kó ọkọ wa lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà, ó ku èmi, ìyá rẹ̀, àti orogún mi kékeré. Àjọwá ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Ìyàwó là ń pè é. Ó ní ọmọ ọwọ́ kan.

Ìyàwó mọ adìẹ sìn. Bílẹ̀ bá ti mọ́, yóò ṣí àgò, yóò gbé àwọn àgbébọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ wá egungun àyà wọn. Ìyá ọkọ wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bí egungun náà bá mú, ebi ń pa adìẹ. Bí ọwọ́ kò bá rí i mọ́, ọ̀rá ti bò ó, kò ní í yé. Ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan ni Ìyàwó ń fún wọn. Ìyókù, wọ́n á jẹ̀ ẹ́ kiri lẹ́yìn ilé. Wọ́n sì ń yé dáadáa.

Ìyá ọkọ wa wí lójú mi pé, "Ọwọ́ Ìyàwó gbọ́ ti adìẹ. Ìwọ, òkèlè nìkan ni ọwọ́ tìrẹ gbọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ṣe nìyí. Bí wọ́n bá ti lọ sóko, mo máa ń da àgbàdo àti ikán sílẹ̀ lẹ́yìn àká fún àwọn adìẹ náà, títí wọn kò fi lè sáré mọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n sanra, kí wọ́n má yé mọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n sanra. Wọn kò yé mọ́. Àfi bí àìsàn ṣe mú ọmọ Ìyàwó lásìkò náà gan-an. Bí adìẹ ti ń wúwo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá ọkọ wa gbé àgbébọ̀ kan. Ó wá egungun àyà rẹ̀, kò rí i. Ó wo ọmọ náà. Ó bi Ìyàwó ohun tó ń fún wọn jẹ. Ìyàwó ní ẹ̀kúnwọ́ kan náà ni.

"Ẹran ara ta ni wọ́n wá fi sanra?"

Mo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á là. N kò la ẹnu. Wọ́n ní ó ń fi ọmọ rẹ̀ bọ́ adìẹ, wọ́n sì lé e padà sí Àjọwá tòun tọmọ.

Láti ọjọ́ náà, n kò da nǹkan sílẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ àwọn adìẹ náà ń wúwo sí i. Wọn kì í jẹ̀ mọ́. Wọ́n á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyàwó, wọ́n á máa wo inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a gbọ́ pé ọmọ náà kú, mo gbé ọ̀kan. Ó fúyẹ́ bí akèrègbè òfìfo. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Ìyàwó ti darúgbó. A pàdé lọ́jà Ìkàrẹ́ láìpẹ́ yìí. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ìyáálé mi, títí dòní n kò mọ ohun tí mo ṣe tí ọmọ mi fi di oúnjẹ adìẹ." Ó fi àgbébọ̀ kan ta mí lọ́rẹ. Ó ní èmi nìkan ni n kò bú òun lọ́jọ́ náà.

Àgbébọ̀ náà kì í jẹ̀. Kò jẹ ohun tí a dà fún un. Láàárọ̀ yìí mo wá egungun àyà rẹ̀, n kò rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ bá a ní Àjọwá? Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọmọ ọmọ mi wà lẹ́yìn mi bí mo ti ń sọ èyí, ó sì ti ń fúyẹ́.