Ọjọ́ Tí Ọmọ Àgbẹ̀ Gba Ẹnu Darandaran Sọ̀rọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, láyé àtijọ́… kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ọdún mẹ́rin kì í ṣe àná o! Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jókòó dáadáa, àgbà ń sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń ké ẹ̀kọ́ ilé ìwé yín lẹ́ẹ̀kan: "Ọmọ ìlú rere ni ẹni tó…" Ẹ ń ké e bí odídẹrẹ́. Kí ló túmọ̀ sí? Ẹ ò mọ̀! Láyé tiwa, ní Alafiarou níbí, Mẹ́tìrì, olùkọ́ tó kọ́ wa ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í ní ká ké e. Ó máa ń ní ká ṣe é ni.

Ọmọ Fílàní kan wà ní kíláàsì wa, Áísátù. Ó mọ̀wé, ó sì lẹ́nu. Lọ́dún náà, màlúù bàbá rẹ̀ wọ oko iṣu bàbá Séídù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó. Wọ́n tẹ ebè fọ́ pátápátá. Ìlú gbóná! Bàbá Séídù ní òun ò fẹ́ rí ọmọ Fílàní nílé ìwé mọ́. Ni bàbá Áísátù bá wá sọ fún Mẹ́tìrì pé tí ọ̀sẹ̀ bá parí, òun á mú ọmọ òun kúrò.

Kí ni Mẹ́tìrì ṣe? Ṣé ó pe àwọn ọlọ́pàá sándáámù? Rárá o. Ó pe àwọn bàbá méjèèjì wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Áísátù, ìwọ ni àgbẹ̀. Séídù, ìwọ ni darandaran." Ó wá wò mí. "Ìwọ tí o kì í lè panu dé, ìwọ ni màlúù."

Ha! Mo ríṣẹ́! Mo rákò wọ àárín kíláàsì, mo ń ké, mo ń jẹ ìwé, mo fi imú gbo ṣòkòtò Mẹ́tìrì. Bàbá Séídù alára rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́.

Áísátù dìde, ó fajú ro bí ẹni tínú ń bí. "Darandaran, láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń kọ ebè! Ìbàdí ń ro mí títí dòní! Kí làwọn ọmọ mi fẹ́ jẹ?" Bàbá Séídù ń mi orí. Ó dà bí ẹni ń bi ara rẹ̀ pé, ta ló sọ fún ọmọ yìí pé ìbàdí ń ro òun?

Ó kan Séídù. Ó bojú wẹ̀yìn wo bàbá rẹ̀. Mẹ́tìrì ní, "Darandaran, ìwọ là ń dúró dè."

Séídù wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbẹ̀… ọ̀nà tí màlúù wa ń gbà lọ sódò láti ayé bàbá mi, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ebè dí i? Ibo ni kí wọ́n gbà? Ṣé kí wọ́n fò ni?"

Èmi màlúù gan-an, mi ò ké mọ́. Òótọ́ ni. Séídù wà lára àwọn tó kọ ebè náà. Gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́ lójú àgbà?

Bàbá Séídù dìde. Mo rò pé ó fẹ́ na ọmọ rẹ̀ ni. Bàbá yẹn ti kú báyìí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì wà létí mi: "Bàbá Áísátù, mo ti gbọ́. Iṣu tó wà lójú ọ̀nà yẹn, n óò wà á kúrò. Kí ẹ̀yin náà bá àwọn ọmọ yín tó ń da màlúù sọ̀rọ̀."

Bàbá Áísátù ní, "Àwọn ọmọ mi sùn lẹ́yìn màlúù lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká jọ wà á." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Jókòó sídìí ìwé rẹ."

Ẹ rí Mẹ́tìrì yẹn bí? Kò wàásù o! Ó kàn nu pátákó ni. Èmi fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, alùpùpù ni mò ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n tí ìjà bá bẹ́ níbi iṣẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹnu. Nígbà mìíràn wọ́n á gbọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á lé mi.

Hùn… ayé ti yí. Lọ́la, tí wọ́n bá ní kí ẹ ké e, ẹ ké e o, kí wọ́n má baà nà yín. Tí ẹ bá ké e tán, ẹ nawọ́ sókè, kí ẹ ní: "Mẹ́tìrì, ẹnu ta ni kí n gbà sọ̀rọ̀ lónìí?"