Wọ́n Ní Kí N Búra Pé Odò Náà Kì Í Gbẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á gbé Kùránì lé mi lọ́wọ́ nílé ẹjọ́ ní Kumasi níbí, ohun tí mo bá sì sọ ló máa pinnu bóyá ẹ̀gbọ́n mi á tún rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi ní Asawase lẹ́yìn ikú àwọn òbí wa, òun náà ló fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde láti àwọn abúlé tí mọ́tò ò dé, èmi a sì gbé e lọ sí ọjà Kejetia lọ tà. Àfi bí ọ̀gbẹ́ni olówó kan ṣe ra ilẹ̀ ọ̀tún àti òsì odò, tó fi igi gẹdú dábùú omi, ó ní inú oko òun ló ti ń ṣàn. Ẹ̀gbọ́n mi pè é lẹ́jọ́. Lọ́ọ́yà wa ní bí ọkọ̀ tó kún fún ẹrù bá lè gba odò náà kọjá tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà gbogbo ayé ni. Bí kò bá lè kọjá, onílẹ̀ ló ni ín. Àwọn oníṣòwò yòókù ti ń bẹ̀rù olówó, ló bá ku èmi nìkan tó mọ odò náà tó lè jẹ́rìí.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé. Ó ní, “Àbúrò, asẹm yìí, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ṣáà sọ pé odò yẹn kì í gbẹ. Wallahi, ẹnu rẹ nìkan ló kù.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, Kùránì ni wọ́n máa gbé fún mi o.”

Ó ní Ọlọ́run mọ inú òun.

Ṣé odò náà kì í gbẹ ni? Ó ń gbẹ. Nígbà ọyẹ́, omi kì í kọjá orúnkún, ńṣe là ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ ọkọ̀ lórí iyanrìn. Ọyẹ́ kan wà tí mo lóyún, tí mo sì ń ti ọkọ̀ torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń pọ́n. Àárín odò ni ìrọbí ti mú mi láìtọ́jọ́. Ẹ̀gbọ́n mi pa ẹrù tì, ó gbé mi, ó fẹsẹ̀ rin inú omi títí dé èbúté. Ọmọ náà kò yè, òun ló sì sin ín. A ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn mọ́ láti ìgbà náà.

Wọ́n ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ó rántí ọjọ́ yẹn kó tó wá bẹ̀ mí, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Bí mo bá búra pé odò náà kì í gbẹ, bí ẹni pé ọjọ́ yẹn kò wáyé rí ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀gbọ́n tó tọ́ mi àti ọmọ tí n kò gbé pọ̀n rí, èwo ni kí n sẹ́?